Bísí, wọ́n ti yọ alága

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara màmá ti ń yá, àbúrò mi bímọ obìnrin, mo sì ti kó kúrò nílé ọjọ́sí. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ gbé bírò ni pé wọ́n ti yọ alága ẹgbẹ́ wa.

Lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Oṣù karùn-ún rèé, àga ṣófo. Àwọn tó pawọ́ pọ̀ yọ ọ́ ò lè pawọ́ pọ̀ yan ẹnì kan ṣoṣo. Owó wà ní báǹkì, kò sẹ́ni tí yóò buwọ́ lùwé kó jáde.

O rántí àríyànjiyàn wa alẹ́ ọjọ́ yẹn? Ìwọ ní ìwé òfin tó dáa ló ń gbé ìlú ró, èmi ní ìwà àwọn tó ń lò ó ni. Látìgbà tí wàhálà yìí ti dé, Jámánì ni mò ń rò ṣáá. Nígbà Weimar, ìyẹn ìjọba Jámánì tó ṣáájú Hitler, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọn ò lè jókòó pọ̀ a máa dìbò pọ̀ ta ko ìjọba, lẹ́yìn náà kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ààrẹ wá ń fi àṣẹ pàjáwìrì ṣèjọba, títí ó fi gbé ipò olórí ìjọba fún Hitler ní 1933. O mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí òfin ìpilẹ̀ 1949 fi ní ilé aṣòfin ò lè yọ olórí ìjọba àfi kí wọ́n dìbò yan arọ́pò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1972, ìbò méjì ló dín tí wọn ò fi rí Willy Brandt, olórí ìjọba ìgbà yẹn, yọ. Ní 1982 ó ṣiṣẹ́: Helmut Schmidt kúrò, Helmut Kohl búra wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò ṣú bá àga òfìfo.

Bísí, ojú ọgbẹ́ ni òfin yẹn ti hù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Sípéènì mú un sínú òfin tiwọn ní 1978, Bẹ́ljíọ̀mù náà gbà á nígbà tó yá. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìbò 2010, ọjọ́ 541 ni Bẹ́ljíọ̀mù lò kí ìjọba tuntun tó dé. Òfin lè dá ọwọ́ tó fẹ́ lé èèyàn dúró; kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni gbà fún ẹnì kejì. Ohun tó kó wọn yọ ni pé ìjọba àtijọ́ ń bá iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ. Ìyẹn gan-an la ò ní.

Ẹnì kan ní ká ṣe bíi Swítsálandì, kí èèyàn méje jọ máa ṣàkóso, kí ipò ààrẹ máa yí lọ́dọọdún. Láti 1848 ni èèyàn méje ti ń ṣe é níbẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára. Àwa tí a ò lè jókòó yí tábìlì kan ká?

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ òfin tuntun. Mo ti kọ gbólóhùn méjì: kò sí yíyọ láìsí arọ́pò, ẹni tó ń lọ á máa ṣiṣẹ́ títí arọ́pò á fi dé. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó ló kó jẹ ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo há sí. Jọ̀ọ́, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di Sátidé.

Ó ku nǹkan kan. Èmi náà nawọ́ sókè lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Kò gbé fóònù mi mọ́. Tìẹ ló máa ń gbọ́. Bá mi pè é.

Èmi ni,
Ìyábọ̀