Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ bá wa ka ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án

Ẹ̀yin òbí wa ní Èpé, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ ní Houston, ẹ̀yin tí ẹ wa mọ́tò láti Dallas, ẹ̀yin tí ẹ wọ bàálù láti Atlanta: ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àìsùn. Ìdúpẹ́ tí a ṣe ní Sátidé tó kọjá lórí ọmọ wa obìnrin, tó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, ti kẹ́sẹ járí. A ti gbọ́ pé gbogbo yín délé láyọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Àwọn kan nínú yín bi wá pé irú ìdúpẹ́ wo ni a fẹ́ ṣe tí ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe é kò ní sí níbẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Bó ṣe parí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́sàn-án ní Great Lakes, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ náà, ni wọ́n ti gbé e lọ sí San Antonio, níbi tí yóò ti kọ́ iṣẹ́ corpsman, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ogun tó bá fara pa tàbí tí àìsàn bá mú. Láti ọ̀dọ̀ wa síbẹ̀ kò ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè jáde bó ṣe wù ú. Fọ́tò rẹ̀ nínú aṣọ ológun ojú omi, pẹ̀lú fìlà funfun, la gbé sórí àga iwájú. Àmọ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan la pè yín sí. Àwa tí a wà nílé la gbà là, ẹ̀yin lẹ sì gbà wá. Mo fẹ́ sọ bí ẹ ṣe ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò mọ ohun tí ẹnì kejì ṣe.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi tó ń dirun ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ kí ọmọ lọ, aago 7 ló jókòó ti orí rẹ̀, aago 11 ti kọjá kó tó dìde. Òfin irun tí ilé iṣẹ́ ológun ojú omi tún ṣe ní 2018 ti gba obìnrin láàyè ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ti ka gbogbo rẹ̀. Ó di í wẹ́wẹ́ sẹ́yìn kó lè ṣeé ká jọ sí ìpàkọ́, kí fìlà lè jókòó lé e. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ náà mú, ó ní, “Orí yìí ni mo dì o. Orí rẹ á gbè ẹ́.” Mo fẹ́ sanwó, ó kọ̀.

Bàbá aládùúgbò wa náà ńkọ́? Ọmọ Èpé ni wá, ilé ẹja, ilé ọ̀sà, ṣùgbọ́n Houston la bí ọmọ yìí sí, kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ rárá. Ẹni tó bá sì fẹ́ parí ní Great Lakes gbọ́dọ̀ bẹ́ láti òkè sínú omi jíjìn, kó lúwẹ̀ẹ́ fún yáàdì 50, kó sì léfòó ní ìdojúbolẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Bàbá yìí, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ojú omi, ló ń mú un lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé fún oṣù mẹ́rin. Yóò jókòó sétí omi, yóò máa ka ìṣẹ́jú sókè. Òun ló sọ fún wa pé orúkọ ilé tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Great Lakes ni Golden Thirteen, àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́tàlá tí wọ́n kọ́kọ́ di ọ̀gá nínú ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní 1944, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀ kan náà. Bàbá tó bí aládùúgbò wa yìí lọ́mọ, iṣẹ́ oúnjẹ nínú ọkọ̀ ogun ni wọ́n jẹ́ kó ṣe. Ó ní, “Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ọmọ yín máa gbà wọlé.” Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un nínú gáréèjì rẹ̀. Kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó kàn fà á dìde.

Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́ dé. Lọ́jọ́ tó débẹ̀, ó pè wá, ìpè náà kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ti dé, ara mi le, ẹ máa retí lẹ́tà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń kà á láti inú ìwé, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni èmi àti ọmọ mi ń sọ láti ọjọ́ tó ti lè pe “Màámi”. Ọjọ́ díẹ̀ sí i, páálí dé. Bàtà tó wọ̀ lọ, ṣòkòtò rẹ̀, súwẹ́tà aláwọ̀ ewé. Súwẹ́tà náà ṣì ń ta sánsán òróró àgbọn tí àǹtí rẹ̀ fi pa á lórí. Mo jókòó sílẹ̀ nídìí ìlẹ̀kùn. Èèwọ̀ ni ohun tó wá sí mi lọ́kàn, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Ìyá Ìbejì, ìwọ lo bá mi níbẹ̀. O kò wàásù. O gba súwẹ́tà lọ́wọ́ mi, o ká a, o gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, o wá lọ ro ẹ̀bà. Mi ò gbàgbé.

Àwọn tí ẹ rí ní Sátidé tí ẹ ń bi ara yín pé ta ni àwọn òyìnbó àti àwọn ará Éṣíà tó wọ àǹkárá wa, àwọn òbí tí ọmọ wọn jọ wà ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú tiwa ni. Orí fóònù la ti pàdé. Ìyá kan láti San Diego, ọmọ Philippines, ló di ìyálé gbogbo wa. Bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, ọkọ rẹ̀ ṣe é, ọmọ rẹ̀ ló wọlé yìí. Àdéhùn tí ìlú wọn àti Amẹ́ríkà ṣe ní 1947 ló jẹ́ kí bàbá rẹ̀ lè wọ iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà láti Philippines. Ìran mẹ́ta ni ilé wọn ti ń retí lẹ́tà. Ó ní kí a máa kọ̀wé lójoojúmọ́, kí a máa fi nọ́ńbà sórí ẹ̀yìn rẹ̀, torí pé wọ́n lè kó márùn-ún fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ kà. Ó ní ẹni tó bá sunkún kó sunkún fún àwa, kí omijé má dé inú lẹ́tà.

Màámi ní Èpé kò mọ̀wé kọ. Wọ́n á pe oríkì ọmọ sórí WhatsApp láràárọ̀, èmi á jókòó lálẹ́, n ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, kí ọmọ má ṣì í pè. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ẹlẹ́ja, ọmọ a-tukọ̀-má-wẹ̀yìn. Nínú lẹ́tà kẹta tó kọ sí wa, ó ní òun máa ń kà á sínú kí òun tó sùn, àti pé ọmọbìnrin tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òkè ti ń bẹ òun pé kí òun kà á sókè díẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ẹ̀kọ́ yẹn. Ní 2025 ni wọ́n dín in kù sí mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò pọ̀, ẹ kò tíì kà á rí. Òru tó le jù ni òru Battle Stations, ìdánwò ìkẹyìn. Wákàtí 12 ni, láti alẹ́ dòwúrọ̀, nínú USS Trayer, ọkọ̀ ogun àtọwọ́dá kan tí wọ́n kọ́ sínú ilé, tí kò lọ síbì kankan. Iná á sọ, omi á máa ya wọlé, wọ́n á máa gbé àwọn tó “fara pa” jáde. Nígbà tí a gbọ́ pé ó ti kan tiwọn, a pín òru náà mọ́ra wa lọ́wọ́, kí ẹnì kan nínú wa lè wà lójúfò nígbà gbogbo. Ará Alabama gba wákàtí kan, San Diego gba òmíràn. Nígbà tí agbára tán fún wa ní Houston láago 12, aago 7 àárọ̀ ti lù ní Èpé. Màámi ní kí gbogbo wa lọ sùn, àwọn ti jí.

Ìpè wọlé láàárọ̀. Fìlà tí wọ́n kọ RECRUIT sí ni wọ́n gbà lórí wọn, wọ́n fi èyí tí wọ́n kọ NAVY sí rọ́pò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ló sọ: “Màámi, mo ti di ọmọ ogun ojú omi o.”

Yìnyín ló fẹ́ ba ìrìn àjò wa lọ síbi ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n fagi lé bàálù wa, èyí tí a sì rí, Milwaukee ló ń lọ. Great Lakes wà létí adágún Michigan láàárín Chicago àti Milwaukee, ṣùgbọ́n lóru, nínú yìnyín, pẹ̀lú àpótí aṣọ òkè, ta ni yóò gbé wa? Ọkọ ìyá San Diego ló wa mọ́tò wá gbé wa, ẹni tí a kò tíì fojú rí rí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi wà lórí ìlà, kóòtù lórí gèlè.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn ńlá inú gbọ̀ngàn náà ká sókè, tí wọ́n ń yan wọlé, n kò dá ọmọ mi mọ̀. Gbogbo wọn jọra. Bàbá rẹ̀ ló fi ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ dá a mọ̀. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, gbogbo ènìyàn sáré wọ àárín. Ó dúró gbọn-in títí a fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀, eékún rẹ̀ ti ń tẹ̀. Bàbá gbá a lápá mú: “Má kúnlẹ̀, aṣọ ìjọba lo wọ̀.” Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń sunkún.

Àwọn ọmọ méjì wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan kò wá kí. A kó wọn mọ́ra, wọ́n jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú wa ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyá kan láti Mississippi ì bá má lè wá rárá. Ẹ̀yin tí ẹ dá owó ọkọ̀ rẹ̀ ní Houston láì mọ̀ ọ́n rí, ó ní kí n máa pè yín ní ìdílé òun.

Ní ti Sátidé, ẹ̀yin ìyá tó wà nídìí iná láti aago 4 òwúrọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni onígángan, ó ṣeun. Àmàlà kò dé gbogbo tábìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, èrò tó wá ju iye tí a fọkàn sí. Nígbà tí ọmọ pè láti San Antonio, tí a gbé fóònù sẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ní “Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà,” tí gbogbo gbọ̀ngàn sì dáhùn pa pọ̀, ohùn rẹ̀ ṣẹ́. Ó ní òun kò tíì gbọ́ irú ìyẹn láti ọjọ́ tí òun ti kúrò nílé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ìbànújẹ́ san án fún yín. Ayọ̀ ni a ó fi san án.

Kúlà búlúù méjì àti abọ́ irin kan tó ní ìdérí ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ẹ wá mú un.

Àti ìwọ, arábìnrin wa tí o jókòó sẹ́yìn ní Sátidé, tí o sọ fún mi létí pé ọmọ rẹ ọkùnrin ń lọ lóṣù tó ń bọ̀: sítáǹpù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ṣẹ́kù nínú èyí tí mo rà. Mo ti fi wọ́n sínú àpòòwé, mo kọ nọ́ńbà ìyá San Diego sórí rẹ̀. Tí páálí bá ti dé, má dá nìkan tú u. Pè mí, mò ń bọ̀.