Sí Àdùkẹ́, lórí àwọn fọ́tò tí wọ́n dá padà

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Àdùkẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ara gbogbo wa le, màmá rẹ ní kí n kí ọ.

Mo ti wo àwọn fọ́tò tí Shutterstock àti Adobe Stock, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ayàwòrán ta fọ́tò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dá padà. O ní torí pé Ìbàdàn lo ti yà wọ́n ni. Ọmọ mi, má fi ìyẹn sọ́kàn. Mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ wọ́n títí dé 100%, mo sì rí ohun tí àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò rí. Lórí fóònù, kò sí fọ́tò tí kì í dára. Ẹni tó máa rà á lè fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ńlá létí títì.

Wo ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní Bódìjà. Ẹ̀rín wọn wù mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n etí igbá ni fókọ́ọ̀sì, ibi tí fọ́tò ti hàn kedere jù, bà sí, ẹyinjú ìyá rí bàìbàì. Abẹ́ ìbòji ni wọ́n jókòó sí, o wá gbé ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, dé 6400, ohun tó wà lẹ́yìn wọn rí hóró-hóró bí ìgbà tí ènìyàn da gààrí sí i. O tún fi kọ̀ǹpútà nu hóró yẹn, gbogbo ìlà ojú ìyá àgbà sì bá a lọ. Nígbà tí à ń fọ fíìmù ní yàrá òkùnkùn, fókọ́ọ̀sì tó bá ti lọ, kò sí kẹ́míkà tó ń dá a padà. Bákan náà ló rí lónìí. Ìgbà tí o bá ń yà á ni kí o ti yà á dáadáa.

Bẹ ìyá kí wọ́n sún díẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. ISO 100 tàbí 200 ti tó, gbé kámẹ́rà lé tíráípọ́ọ̀dù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí o sì fi RAW yà á, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Aago 7 àárọ̀ ni kí o dé ọjà. Oòrùn ọ̀sán máa ń fi òjìji dúdú sábẹ́ ojú ènìyàn, á sì jó aṣọ funfun débi pé kò ní sí ohun tí a lè rí nínú rẹ̀ mọ́.

Ti òrùlé páànù tí o yà láti Òkè Àrẹ̀, etí páànù ti yọ àwọ̀ àlùkò níbi tó ti pàdé ojú ọ̀run. Dín ihò lẹ́ǹsì kù sí ìwọ̀n f/8, kí o sì fi kọ̀ǹpútà tún èyí tó bá ṣẹ́ kù ṣe. Àwọn àmì dúdú ojú sánmà yẹn, eruku ọyẹ́ tó wọ inú kámẹ́rà ni. Má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta nínú ọyẹ́. Má sì gé fọ́tò jù: èyí tí kò bá tó megapixel 4 (ìyẹn tó-tò-tó àwọ̀ mílíọ̀nù mẹ́rin), wọn kò ní gbà á. Bí o bá ya irú fọ́tò kan náà lọ́nà mẹ́wàá, mú èyí tó dára jù, fi ìyókù sílẹ̀.

Èyí tó jẹ mí lógún jù rèé. Àmì ilé-iṣẹ́ fóònù wà lára agboòrùn tó wà lẹ́yìn ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ìyá kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan fún ọ. Fọ́tò tí wọn yóò fi polówó kò gbọ́dọ̀ ní àmì ilé-iṣẹ́, ẹni tí a dá ojú rẹ̀ mọ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí model release, ìwé tó fi gbà kí a lo àwòrán òun. Fi Yorùbá ṣàlàyé fún ìyá pé ojú wọn lè hàn lára ọjà tí wọn kò mọ̀ rí, nílùú tí wọn kò dé rí. Bí wọ́n bá kọ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o má bínú. O ṣì lè fi í ránṣẹ́ sí Shutterstock fún iṣẹ́ ìròyìn nìkan, ṣùgbọ́n ìyẹn, o kò gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, o kò sì gbọ́dọ̀ fi kún un. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i.

Bí o bá wálé lópin oṣù, jẹ́ ká jọ lọ bá ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lówùúrọ̀ Sátidé. Mú tíráípọ́ọ̀dù rẹ dání, kí o sì ti tẹ ìwé náà wá láti Èkó.

Èmi ni bàbá rẹ.