Freud nìkan kọ́, ẹ̀yin olóòtú

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́.

Nínú àpilẹ̀kọ yín lórí sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ènìyàn, Sigmund Freud, dókítà ará Austria, nìkan lẹ dárúkọ. Mo fi ìmọ̀ yìí kọ́ àwọn olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí. Wilhelm Wundt ti dá yàrá ìwádìí sáíkọ́lọ́jì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, lọ́dún 1879, kí Freud tó gbajúmọ̀ rárá.

John Watson ti Amẹ́ríkà ló ń bí mi nínú ní tèmi. Lọ́dún 1913 ó ní ká fi ọ̀rọ̀ inú ọkàn sílẹ̀, ìwà tí ojú rí ni ká máa wò. Lọ́dún 1920, òun àti Rosalie Rayner gbé ìwádìí kan jáde: bí ọmọ ọwọ́ kan bá ti fẹ́ fọwọ́ kan eku funfun, wọ́n á fi òòlù lu irin gbàù lẹ́yìn rẹ̀, títí ọmọ fi ń sunkún bó bá ti rí eku. Wọn ò sì mú ẹ̀rù náà kúrò lára rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ!

Carl Rogers, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, sàn ju Watson lọ fíìfíì; ó ní kí olùdámọ̀ràn fetí sílẹ̀, kó má dáni lẹ́jọ́.

Ẹ ò sì dárúkọ Adéoyè Lambo, ọmọ Nàìjíríà wa. Dókítà ọpọlọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ó sì pe oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ nípa tirẹ̀ náà.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.