Ẹ má jẹ́ kí script máa ṣírò owó ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kọ script, ìyẹn prógíráàmù kéékèèké, fáwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù l'Abẹ́òkúta ńbí ni mo fẹ́ sọ, torí owó àwọn ìyá wa ló wà ńbẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó ń sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Ìtòkú, àwọn aláàdìrẹ ló pọ̀ jù ńbẹ̀, wọ́n ní kí n wá bá wọn wo kọ̀ǹpútà wọn. Ìyá kan yáwó, text tó wọ fóònù wọn sọ iye tó kù, ìwé tí akọ̀wé tẹ̀ fún wọn níparí oṣù sọ iye míì, ni màmá bá gbà pé wọ́n fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. Kò sẹ́ni tó jalè o. Script tó ń fi text ránṣẹ́ ní SQL tiẹ̀ tó ń ṣírò owó nínú (SQL ni èdè tí wọ́n fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ìyẹn ibi tí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà), èyí tó ń tẹ̀wé ní tiẹ̀, èyí tó ń gbowó wọlé tún ní tiẹ̀, ìgbà tí ẹgbẹ́ wá yí bí wọ́n ṣe ń ka èlé padà, ẹni tó kọ ọ́ tún ọ̀kan ṣe ó fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ìṣirò yẹn kúrò nínú script. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú dátábéèsì bíi fọ́ńṣọ̀n, ìyẹn ìṣirò tó ní orúkọ tiẹ̀, kí gbogbo script máa pè é lórúkọ. PostgreSQL, tó jẹ́ irú dátábéèsì kan, ń ṣe é, MySQL náà ti ń ṣe é láti 5.0 tó jáde ní 2005. SQLite ni kì í tọ́jú fọ́ńṣọ̀n sínú ara ẹ̀, ẹni tó bá ń lò ó á kó ìṣirò náà sínú fáìlì kan tí gbogbo script á jọ máa lò.

Bí script á ṣe máa pè é gan-an ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò. PEP 249, ìlànà tí àwọn tó ń fi èdè Python bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé, dárúkọ callproc, àṣẹ tí wọ́n fi ń pe ìṣirò inú dátábéèsì, àmọ́ kò sọ ọ́ di dandan, psycopg2, irinṣẹ́ tó ń so Python mọ́ PostgreSQL, ní i, Psycopg 3 tó tẹ̀lé e ò ní i mọ́, ẹni tó bá ti fọ́n callproc káàkiri á máa wá a láti fáìlì dé fáìlì lọ́jọ́ tó bá fẹ́ yí i. Torí ẹ̀ ni mo fi ní kí ẹ kọ àṣẹ kan tiyín, ká sọ ọ́ ní pe, kó kéré, kó jẹ́ pé òun nìkan ló ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀:

pe("iye_to_ku", omo_egbe=27)

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ ní orúkọ, ẹ má kàn tò wọ́n tẹ̀léra, torí nọ́ńbà ni iye owó, nọ́ńbà náà ni ti ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tó bá pààrọ̀ ipò wọn, kọ̀ǹpútà ò ní bá a jà, á kàn lọ kọ owó sórúkọ ẹlòmíì. PostgreSQL gba kéèyàn kọ ọ́ báyìí: omo_egbe => %s.

Nínú pe yìí, ẹ má so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ SQL láéláé, placeholder ni kẹ́ ẹ lò, ìyẹn àmì bíi %s tó ń di àyè mú fún iye. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ D'Almeida, nítorí àmì ' inú orúkọ ẹ̀, á ba SQL tẹ́ ẹ so pọ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìṣe pé ó fẹ́ ṣèkà, ẹ wá wo ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣèkà lè ṣe. Àmọ́ placeholder ò gba orúkọ fọ́ńṣọ̀n o, iye nìkan ló ń gbà, nítorí náà ẹ to orúkọ tẹ́ ẹ fọwọ́ sí sílẹ̀, èyí tí ò bá sí ńbẹ̀ kí pe kọ̀ ọ́. Kó sì máa ṣe commit, ìyẹn kó fìdí àkọsílẹ̀ múlẹ̀, fúnra ẹ̀ tó bá ti parí dáadáa, torí owó tí wọn ò bá ṣe commit ẹ̀ ò wọlé, bí iná bá sì lọ láàárín, PostgreSQL á dá gbogbo ẹ̀ padà, kò ní sí ìdajì.

Ẹ tún rántí pé PostgreSQL máa ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè pe fọ́ńṣọ̀n tuntun, àfi tẹ́ ẹ bá fi REVOKE, àṣẹ tó ń gba ẹ̀tọ́ padà, gbà á lọ́wọ́ PUBLIC, ìyẹn gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ tó fún script nìkan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní fọ́ńṣọ̀n inú dátábéèsì ṣòroó tọ́jú, pé èèyàn kì í mọ ẹni tó yí i. Òótọ́ ni tó bá jẹ́ orí server ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú Git, tó ń tọ́jú ẹni tó yí fáìlì àti ìgbà tó yí i, pẹ̀lú script yín, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ bi ọmọ tó ń bá yín ṣe kọ̀ǹpútà léèrè pé ibi mélòó ló kọ ìṣirò èlé sí. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ní kó kó o jọ kẹ́ ẹ tó tún yí èlé míì padà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ìbarà, Abẹ́òkúta