Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí FRIB ṣe

Sí Olóòtú,

Bí ọ̀rọ̀ FRIB, ẹ̀rọ ìwádìí ńlá tó ń ṣẹ̀dá àwọn átọ́ọ̀mù tó ṣọ̀wọ́n ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan, l'Amẹ́ríkà, bá ti wáyé, 730 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fi kọ́ ọ làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó dùn mí pé iṣẹ́ tó ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ kì í wọ inú ọ̀rọ̀ wọn.

Oṣù Karùn-ún 2022 ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n mú kí átọ́ọ̀mù calcium-48, irú kálísíọ̀mù kan tó wúwo, máa sáré títí eré rẹ̀ fi tó nǹkan bí ìdajì eré ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn átọ́ọ̀mù náà rọ́ lu ìdènà kan. Nínú èyí tó fọ́ yángá ni wọ́n ti ṣa àwọn kókó átọ́ọ̀mù (àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù) tí nútírọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ohun tíntìntín tó para pọ̀ di kókó náà, kún inú wọn ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tí kì í pé ìṣẹ́jú àáyá kan kí wọ́n tó yí padà. Márùn-ún nínú wọn, kò sẹ́ni tó tíì wọn bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó rí. Kí ọdún náà tó parí, àbájáde ti jáde. Kílówáàtì kan péré ni agbára ẹ̀rọ náà nígbà yẹn. 400 ni wọ́n ṣe é fún!

Irú òǹkà bẹ́ẹ̀, ti bí àwọn kókó átọ́ọ̀mù ṣe ń pẹ́ tó, la nílò láti mọ bí wúrà ṣe ń di wúrà nígbà tí ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn àṣẹ́kù ìràwọ̀ ńlá tó ti kú, bá kọlu ara wọn. Torí náà ni mo ṣe ń rọ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má ṣe dín owó tí ẹ̀rọ yìí fi ń ṣiṣẹ́ kù.

Èmi ni, òǹkàwé yín.