Koríko òkun Sẹ̀mẹ̀ kì í ṣe ajílẹ̀ ẹ̀fọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ìgbì ńlá bá ti da koríko òkun sí etíkun Sẹ̀mẹ̀, àwọn ọlọ́gbà kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí a máa fi ọmọlanke kó o lọ bo ebè tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Wọ́n ní ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀fọ́ kọ́ ló yẹ ká dà á sí.

Ìjì tó ń rú ìgbì náà sókè kì í ṣe tiwa. Láti oṣù Òkudù dé Ògún, ìgbà òtútù ni lápá ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, níhà gúúsù. Ibẹ̀ ni ìgbì ti ń gbéra, á sì rin ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí òkun fi lè máa bú ramúramù lọ́jọ́ tí imọ̀ àgbọn kò mì rárá. Koríko aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gbé wá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sargassum, kò ní gbòǹgbò. Afẹ́fẹ́ inú àwọn róbótó wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ló ń mú un léfòó. Láti ọdún 2011 ló ti ń ya lu etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́pọ̀ yanturu.

Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jó etí ewé, ṣùgbọ́n iyọ̀ ṣì ṣeé fọ̀. Májèlé arsenic tó ń fà láti inú omi òkun ni kò ṣeé fọ̀ tán. Nítorí náà, òdòdó àti igi ìbòòji ni kí ẹ lò ó fún. Ẹ má fún ewúrẹ́ jẹ.

Ẹ fi ọwọ́ tàbí igi eléyín wọ́ èyí tó wà lókè jọ. Ẹ má fi ṣọ́bìrì wa iyanrìn mọ́ ọn, òkun ti jẹ etíkun yẹn tó. Ẹ tẹ́ ẹ síta kí òjò fọ̀ ọ́, kó má nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tí ẹ bá gbé e jọ gègèrè, láàárín ọjọ́ méjì á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Èéfín yẹn ń ta ojú, ó ń dí àyà, kódà ó ń mú irin dípẹtà, ẹ má ṣe é nítòsí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Bí òjò bá ti fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ po agbọ̀n rẹ̀ kan mọ́ agbọ̀n ewé gbígbẹ méjì àti ààbọ̀ agbọ̀n ìgbẹ́ adìyẹ. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Tó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ gbin hóró ẹ̀wà mélòó kan sínú agolo rẹ̀. Bí ẹ̀wà kò bá hù, tàbí tí ewé rẹ̀ jó létí, iyọ̀ ṣì wà.

Àwọn ẹran wẹ́wẹ́ oníkarahun méjì tí ìgbì ń hú jáde nínú iyanrìn, tí àwọn kan ń ṣà jẹ, ń kọ́? Èyí tó bá lanu, ẹ kàn án pẹ̀lú èékánná. Bí kò bá padé, òkú ni, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ rẹ èyí tó wà láàyè sínú omi òkun tó mọ́, lábẹ́ ìbòòji, fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kó lè pọ iyanrìn, nítorí omi kànga á pa á. Lẹ́yìn náà ẹ bọ̀ ọ́. Tó bá là, ẹ jẹ́ kó tún hó fún ìṣẹ́jú 5. Èyí tí kò là, ẹ má fi ọ̀bẹ là á.

Lásìkò ẹ̀kún omi, ẹ̀gbin ọ̀sà Nokoué ń gba Kútọnu wọ òkun, ìṣàn etíkun á sì gbé e wá síhà ìlà oòrùn, ìyẹn ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má kó ẹran oníkarahun wọ̀nyẹn nígbà yẹn. Ẹ má kó wọn bákan náà bí omi òkun bá pọ́n tàbí tí òkú ẹja bá pọ̀ létí omi. Májèlé ìgbà yẹn kì í kú nínú omi gbígbóná. Bí ètè tàbí orí ìka ẹni tó jẹ ẹ́ bá kú, tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọlọ́gbà kan, Àjàṣẹ́