Jíìpù kò lè dípò ọ̀nà oko

Sí Olóòtú,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Ìbàdàn, tí ẹ tẹ̀ jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ló mú mi gbé gègé. Ó ní kí ìjọba yé ná owó sórí ọ̀nà oko ní ilẹ̀ olókè bíi tiwa níbí ní Ìdànrè, kí wọ́n kúkú ra jíìpù tó ń fi táyà mẹ́rin fà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó, nítorí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ òkè, kò sì mọ ẹrẹ̀. Ó tilẹ̀ fi Òkè Fuji ní ilẹ̀ Japan ṣe ẹ̀rí, pé ọkọ̀ Toyota gùn ún dé ibùdó kẹfà lọ́dún 1951. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń dán ọkọ̀ wò ló wà á, mi ò sì rò pé àpò kòkó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibùdó kẹfà kì í sì í ṣe ṣóńṣó òkè.

Kòkó ni mò ń rà. Mo ní Hilux kan tí mo fi ń kó o jáde láti àwọn kám̀pù, ìyẹn àwọn abúlé inú oko, èmi obìnrin fúnra mi ni mo sì máa ń wà á. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, pàápàá àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Ó yẹ kí bọ̀dá wa kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ẹni tó bá wá ṣe fàájì lórí Òkè Ìdànrè á gun àtẹ̀gùn, á ya fọ́tò, á padà sí Àkúrẹ́. Oko kòkó kò sí níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Àwọn àpáta ńláńlá wọ̀nyẹn pá lórí, igbó ló wà ní ìdí wọn àti láàárín wọn, inú igbó yẹn sì ni ọ̀nà àwọn kám̀pù ń gbà, á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ ló ń ya wá sísàlẹ̀, ọ̀nà wa ni omi náà sì máa ń yàn láàyò torí pé kò sí igi tó dí i lọ́wọ́ níbẹ̀. Òjò lè ti dá, oòrùn lè ti yọ, kí àgbàrá ṣì máa wọ́ gba ojú ọ̀nà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n gan-an, láti oṣù kẹsàn-án lọ, òjò kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà tí ẹrù pọ̀ jù náà ni ọ̀nà burú jù.

Bọ̀dá wa sọ̀rọ̀ gígun òkè, kò sọ̀rọ̀ sísọ̀ kalẹ̀ rárá. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Táyà mẹ́rin tó ń fà á ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gòkè, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí ó bá di ká sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì mẹ́rin ni jíìpù ní, bíréèkì mẹ́rin náà ni Micra tí wọ́n fi ń ṣe kábúkábú n'Ìbàdàn ní, jíìpù sì wúwo ju Micra lọ dáadáa. Lórí ilẹ̀ pupa tó tutù, tí ewé kòkó jíjẹrà bò mọ́lẹ̀, bí ẹ bá tẹ bíréèkì le, táyà á dúró, ọkọ̀ kò ní dúró. Á máa yọ̀ lọ tòun tẹrù, sítíárì kò sì ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu mọ́.

Ohun tó ń mú wa délẹ̀ láyọ̀ ni gíà kékeré, èyí tí wọ́n kọ L4 sí lára. Nínú Hilux, bí ẹ bá wà ní L4, ẹ́ńjìnnì á yí ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti H4, ìyẹn gíà ńlá tí táyà mẹ́rin ń fà, lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kó o sí gíà kìn-ín-ní kí ẹ tó fi imú ọkọ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá, ẹ fi bíréèkì sílẹ̀ àfi tó bá di dandan. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni yóò di ọkọ̀ mú. Á máa ké, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sì lè yà yín sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọkọ̀ ń jìyà. Kò jìyà kankan.

Ṣùgbọ́n kí ni mò ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń wa ọkọ̀ oko nísinsìnyí? Wọ́n á gòkè tán, orí wọn á wú, wọ́n á wá kó gíà sí fíríì, níbi tí ẹ́ńjìnnì kò ti di táyà mú mọ́, láti ṣọ́ epo. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ni àṣà yìí ti gbilẹ̀. Fíríì, lórí òkè oko! Bíréèkì nìkan ló kù tó ń dá ọkọ̀ dúró nìyẹn. Bí ẹ bá sì ń tẹ̀ ẹ́ láìsinmi, á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ yín á kàn máa wọlẹ̀ lásán. Epo tí wọ́n ṣọ́ yẹn kò lè ra táyà kan, ká má tíì sọ ti ilé ìwòsàn.

Gígun òkè náà ní tirẹ̀. Níbi tó bá dagun jù, mo máa ń bọ́ sílẹ̀, mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn ín dé òkè pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, kí n lè mọ gbòǹgbò tó yọ síta, òkúta tó mì, àti kòtò tí ewé bò. Ibi tí táyà máa gbà ni mò ń wá. Ọ̀rọ̀ ẹrù náà wà níbẹ̀. Àpò kòkó kan tó nǹkan bíi kílò 64, àpò 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí Hilux gbé. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ pátápátá, bí imú ọkọ̀ bá ti kọjú sókè báyìí, táyà iwájú á fúyẹ́, ẹ ó máa yí sítíárì, ọkọ̀ á máa lọ síbi tó wù ú. Ẹ tì í mọ́ ẹ̀yìn ibi tí awakọ̀ jókòó, kí ẹ sì fi okùn dè é.

Bí ọkọ̀ bá wá gòkè dé ìdajì tó kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbìyànjú láti yí i po. Ọkọ̀ tó bá dábùú òkè ló ń ṣubú yí gbirigbiri. Rìfáàsì ni kí ẹ kó o sí, ní L4 yẹn náà, kí ẹ́ńjìnnì dá a padà tààrà sí ibi tó ti wá. Kí ẹnì kan máa júwe láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ẹ ti lè rí i. Mo ti rí àwọn tó dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an láti júwe. Orí ló ń bá wọn ṣe é.

Ohun mìíràn tí lẹ́tà bọ̀dá wa kò sọ ni pé táyà mẹ́rin kì í fìgbà gbogbo fà. Agbára tó bá dé ọ̀dọ̀ táyà iwájú tàbí ti ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní differential ló ń pín in fún ọ̀tún àti òsì, táyà tí kò rí ilẹ̀ tẹ̀ ni agbára sì máa ń sá lọ bá. Bí táyà iwájú lápá ọ̀tún bá wà lófuurufú, tí táyà ẹ̀yìn lápá òsì sì wà nínú ẹrẹ̀, àwọn méjì yẹn á máa yí lófo, àwọn méjì tó kù á dúró máa wòran. Àwọn ọkọ̀ kan ní bọ́tìnnì tó ń so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ẹni tí kò ní i, ṣọ́bìrì, jáàkì àti òkúta ni yóò fi yọ ara rẹ̀. Ó tún ṣe ìrànwọ́ kí ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, láti nǹkan bíi 35 psi sí 25 lórí gééjì, kí táyà lè tẹ́ kó sì di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹ̀rọ tí ẹ máa fi fẹ́ ẹ padà dání, nítorí kò sí fọganáísà nínú igbó.

Jíìpù wo gan-an ni wọ́n tiẹ̀ máa rà? Lójú àwa Yorùbá, ọkọ̀ tó bá ti ga díẹ̀ tí ìdí rẹ̀ sì tóbi ti di jíìpù. Highlander kò ní gíà kékeré. Lexus RX kò ní. Ọkọ̀ ọ̀nà ọ̀dà ni wọ́n, wọ́n sì dára níbẹ̀. Àwọn Hilux kan jọ èyí tó ń fi táyà mẹ́rin fà bí ìbejì, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà wọ́n. Nínú àwọn ògbólógbòó, ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ fi ọwọ́ yí ohun kan ní àárín táyà iwájú láti FREE sí LOCK, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè fa ọ̀pá gíà títí di ọ̀la, táyà iwájú kò ní bá yín dá sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni pé ọkọ̀ wọ̀nyí gan-an ló ń pa ọ̀nà. Táyà tó ń yí lófo nínú ẹrẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ́. Ojú ibi tó gbẹ́ ni àgbàrá máa gbà lọ́jọ́ kejì. Kí òjò ọdún náà tó tán, ó ti di gọ́tà tó jìn tó orúnkún, ọlọ́kadà tó ń gbé kòkó kò lè kọjá mọ́, ẹni tó ń ru ẹrù lórí náà ń wá ẹ̀bá igbó gbà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń fi agídí kọjá lè sọ ọ̀nà gbogbo abúlé di kòtò. Ṣé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá la wá fẹ́ rà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù?

Bọ̀dá wa rí òótọ́ kan ṣá. Owó ń ṣòfò lórí ọ̀nà oko. Katapílà á wá lọ́dọọdún, á ha ilẹ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, á lọ. Òjò mẹ́ta péré, ilẹ̀ tí ó ha sílẹ̀ ti ṣàn lọ sódò. Àìsí ojú omi ló fà á. Ní ọ̀nà kám̀pù tiwa, àwọn àgbẹ̀ dáwó, a gba àwọn tó ń fi ọkọ́ ṣiṣẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ojú omi tó dábùú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí omi lè máa yà sínú igbó dípò tí yóò fi máa sáré gba àárín ọ̀nà. A to òkúta sí ibi tó dagun jù. Kì í ṣe ọ̀nà ọ̀dà, ṣùgbọ́n ọkàdà ń kọjá, Hilux ń kọjá, mi ò sì nílò L4 ní ìdajì ibi tí mo ti máa ń lò ó tẹ́lẹ̀. Níbi tí òkè ti le jù, kọnkéré ọ̀já méjì péré, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì, ti tó. Iye tí wọ́n máa fi ra jíìpù tuntun kan yóò ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí bọ̀dá wa bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó máa bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ijókòó iwájú wà fún un nínú ọkọ̀ mi. Kó ṣáà wọ bàtà tó le, nítorí tí a bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dagun jù, gbogbo èrò ni mo máa ń sọ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníkòkó,
Àlàdé, Ìdànrè.